Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi ní San Jose: ẹ má da páálí yẹn nù o

Bọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé Àǹtí ní kẹ́ ẹ palẹ̀ gáréèjì mọ́ kọ́dún tó parí, àti pé páálí ìwé tẹ́ ẹ kó jọ nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ sítúdẹ́ńtì tẹ́ ẹ ń lọ mítìn Homebrew Computer Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà, wà lára ẹrù tó ń lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ káwọn tó ń kó dọ̀tí gbé e lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mùsíọ́ọ̀mù kọ̀ǹpútà wà ní Mountain View, pé wọ́n ti ní ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n ní in lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù tẹ́ ẹ fi kọ nǹkan sétí ìwé ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé "onírùngbọ̀n yẹn ní chip tó lé, bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mítìn", wọn ò ní ìyẹn o.

Kí ló tiẹ̀ jẹ́ ká mọ bí ẹgbẹ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1975, òjò ń rọ̀, bí èèyàn 32 kóra jọ sí gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, Altair 8800 kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà téèyàn ń tò fúnra ẹ̀ nílé, ni wọ́n fẹ́ fojú rí, Steve Wozniak tó padà wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, Fred Moore wá ń gba orúkọ, ó ń kọ ohun tí kálukú mọ̀ àti ohun tó ń wá, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ti jáde. Fred Moore yìí kì í ṣe oníṣòwò, ẹni tó ń ta ko ogun ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ míì ló lọ dá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí Apple àti Cromemco sílẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ Moore ló tọ́jọ́ jù.

Lẹ́tà ìbínú tí Bill Gates kọ ní oṣù kejì 1976 náà, tó ń pariwo pé wọ́n ń jí BASIC òun, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún Altair, dà kọ, pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní Altair àwọn tó ra BASIC ò pé mẹ́wàá, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yín yẹn náà tẹ̀ ẹ́ jáde. Gates bú wọn, àwọn náà ló tún tẹ èébú ọ̀hún síta fúnra wọn! Ìyẹn wù mí gan-an.

Ẹ tún wo Steve Dompier, ọmọ ẹgbẹ́ yín kan. Altair ò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní ojú tí wọ́n ń wò, swíìṣì iwájú ẹ̀ lèèyàn máa ń gbá sókè sódò lọ́kọ̀ọ̀kan títí, téèyàn bá sì pa á pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Dompier gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ariwo tí iná inú ẹ̀rọ ń fà sí rédíò ló fi kọ orin fún wọn, ẹnu yà wọ́n. Ó jókòó kọ bó ṣe ṣe é lọ́dún yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀.

Ohun tí mo wá fẹ́ lọ́wọ́ yín ni èyí tí kò sí nínú ìwé. Ní SLAC, ibùdó ìwádìí físíìsì Stanford tí mítìn padà kó lọ, Lee Felsenstein tó ń darí mítìn á kọ́kọ́ jẹ́ kí kálukú dìde sọ ohun tó gbé wá, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo èèyàn á tú ká, wọ́n á máa ṣe pàṣípààrọ̀. Ta ló kọ abala kejì yẹn sílẹ̀? Kí lẹ gbà lọ́wọ́ wọn? Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ yín? Ṣé ẹ rí Yorùbá míì níbẹ̀?

Ẹ ṣe vóìsì nóòtì, kódà tó bá gùn. Kí àbúrò mi fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tiwájú tẹ̀yìn, ẹ yọ píìnì tó ti dípẹtà, ẹ má sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ èyí tó ti ya o, ó máa bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ bá mi bẹ Àǹtí. Tó bá jẹ́ àyè ni wọ́n ń wá, treadmill tẹ́nikẹ́ni ò gùn rí yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta.