Kí Àgùntàn Ilé Má Baà Tán: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé lóko, a kí yín o.

Ẹ rántí ìtàn Ìgbòho tí ìlú wa fẹ̀gbẹ́ tì. Ogun Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho sì di olú-ìlú. Nígbà tí Aláàfin Abípa ní ó tó gẹ́ẹ́, ká padà sílé, àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n kó abuké àti àfín sórí òkè ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n ṣe bí iwin, kí wọ́n dẹ́rù ba ìránṣẹ́ tí ọba rán lọ wo ibẹ̀. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ kó “iwin” wálé. Ibẹ̀ ló ti di Ọba Mórò, ọba tó mú iwin. Àwọn baba wa a máa fẹ̀rín sọ pé ìran àwọn tí kò fẹ́ lọ ni wá. Àwa ọmọ wọn la wá kó lọ sí Èkó.

Àgùntàn ló kù tí kò lọ. Èèpo iṣu àti èèpo pákí ni wọ́n ń jẹ, àwọn náà ló ń sanwó ilé-ìwé. Àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR ló ń pa wọ́n: imú á máa ṣàn, ẹnu á degbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, agbo á sì dahoro. Kò sí oògùn tó ń wò ó, àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Vom lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta. Ooru lọ̀tá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a gbé e wá nínú kúlà, yìnyín yọ́ lójú ọ̀nà, la bá dà á nù. Ojú mi ló ṣe.

Fíríìjì tó ń lo iná oòrùn la fẹ́ rà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ dókítà ẹran. ₦10,000 ni ti ẹni tó wà ní Nàìjíríà, 30 pọ́n-ùn ni ti àwọn ará ìlú ọba. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè fa àgùntàn kan kalẹ̀. A ti gba irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbèsè owó oṣooṣù, a ò bínú. Wọ́n ní àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dé.

Akápò nìkan ni kí ẹ sanwó fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A ó ka orúkọ àti iye tí kálukú dá síta níbi ìpàdé ọjọ́ kejì Iléyá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́