Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, ọkùnrin kan dìde, ó ń polówó oògùn ìfọnu. Ó ní àwọn òyìnbó ti rí i pé kòkòrò ẹnu ló ń fa jẹjẹrẹ ìfun, pé ẹni tó bá ń fi oògùn òun yọnu láàárọ̀ lálẹ́ kò ní í rí jẹjẹrẹ láéláé. Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí ra ìgò méjì. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àwọn bá yàgbẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, òun ló jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ tà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé ìdí erìgì, Fusobacterium nucleatum ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ní Fred Hutchinson, ibùdó ìwádìí jẹjẹrẹ kan nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, yẹ kókó jẹjẹrẹ ìfun bíi 200 wò, wọ́n bá ẹ̀yà kan lára kòkòrò yìí nínú nǹkan bí ìdajì wọn. Ẹ̀yà náà lè la omi kíkan inú àpòlúkù kọjá. Àmọ́ wọn ò sọ pé fífọ ẹnu ń dènà jẹjẹrẹ. Ìrètí wọn ni pé lọ́jọ́ iwájú, a lè máa wá kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ láti fi tètè mọ àrùn náà. Ìgbẹ́ náà ló yẹ ká máa yẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí ẹ̀jẹ̀ fún odidi ọdún kan. Gbogbo wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n mu àgbo títí, wọ́n yẹra fún ohun dídùn. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí náà ni wọ́n gbà bọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ìgbẹ́ wá. Ìgbà tí dókítà kan fi máa fi kámẹ́rà wo ìfun wọn, àrùn ti dé ẹ̀dọ̀. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n nígbà tí a sin wọ́n.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ìgbẹ́ wá! Àwọn aláṣẹ ètò ìlera wa, kí lẹ ń ṣe?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 50 sí 74 ń gba ìgò kékeré kan nílé lọ́dún méjì méjì. Ọkọ àbúrò mi ní Manchester fi tirẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Igi tín-ín-rín wà lára ìdérí rẹ̀, èèyàn á fi ha ìgbẹ́ díẹ̀, á dé e, á fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á sì fi wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Mo mọ̀ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ tiwa kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ kó ìgò náà fún wọn. Bí ìyàwó ilé bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n fún un ní ti bàbá àti ìyá ọkọ rẹ̀, kó tètè dá a padà, torí ooru ń ba ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹni ọdún 45, bí Amẹ́ríkà ti fa ọjọ́ orí àyẹ̀wò yìí wá sílẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹni tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú tirẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá a san nínú owó kámẹ́rà. Ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgò rárá, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ.

Kí wọ́n sì fi dókítà eyín sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n lé irú olówò yẹn kúrò nínú ọkọ̀.

Mo bẹ ìyá yẹn kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ lo ìgò méjèèjì tán ná.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.