Ẹ má gbàgbé RIAS-TV

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ ìtàn DW-TV, tẹlifíṣọ̀n ilé-iṣẹ́ ìròyìn Deutsche Welle ti Jámánì, ẹ dárúkọ RIAS-TV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ṣáájú rẹ̀. Ó ń dùn mí pé orúkọ yẹn ti fẹ́ parẹ́. Ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Berlin, lábẹ́ àbójútó Amẹ́ríkà. Ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà tí àwọn èèyàn gbé òòlù, tí wọ́n ń gé odi tó pín ìlú náà sí méjì wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní 1989. Rédíò ni Deutsche Welle ń ṣe láti 1953. Ìgbà tó jogún RIAS-TV ló tó gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sórí sátẹ́láìtì, ní April 1, 1992, lédè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan