Plọ́tà ló yẹ kó ṣíwájú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù nídìí iṣẹ́ pátákó ìpolówó ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ yìí fún. Bí owó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ni wọ́n máa ń sáré lọ rà. Plọ́tà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà.

Plọ́tà kì í mu yíǹkì. Bí iṣẹ́ kò bá wọlé fún oṣù kan, ẹ da aṣọ bò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, á ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo eco-solvent, ìyẹn yíǹkì oníkẹ́míkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tẹ nǹkan kan fún ọjọ́ mélòó kan, yíǹkì á gbẹ sínú àwọn ihò tíntìntín tó wà lára hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí tó ń tu yíǹkì jáde, hẹ́ẹ̀dì sì wọ́n. Nọ́ńbà ara mọ́tò, orúkọ ṣọ́ọ̀bù lára gíláàsì, àkọlé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, plọ́tà nìkan tó o. Èyí tó bá ní fọ́tò nínú, ẹ gbé fáìlì rẹ̀ lọ sí Ṣómólú tàbí Mókọ́lá kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi èrè tiyín lé e.

Plọ́tà ẹsẹ̀ bàtà 2 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò máa gé etí sítíkà tí wọ́n ti tẹ̀ kó ra ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4, kó sì rí i dájú pé ó ní ojú tó ń ka àmì igun iṣẹ́. Ní ti mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ náà, irú tí wọ́n ń pè ní servo dára ju stepper lọ: kì í pariwo, kì í sì í ṣìnà bí iṣẹ́ bá gùn.

Ẹ mú sítíkà tiyín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó gé onígun mẹ́rin tó gùn ní mítà 3. Bí ibi tí abẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí kò bá pàdé, rọ́là ń fa sítíkà sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà kó gé "Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí" ní lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2. Àmì ìsàlẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹ̀rọ. Ẹnu abẹ kì í wà ní àárín ohun tó dì í mú gan-an, ẹ̀yìn àárín náà ló máa ń wọ́ tẹ̀ lé, bíi mìlímítà 0.25. Bí wọn kò bá fi ìwọ̀n àlàfo yìí (offset) sínú ẹ̀rọ, òbìrìkítí kò ní pa ẹnu dé, bí ẹ bá sì ń ṣí sítíkà tí kò wúlò kúrò láyìíká lẹ́tà, àmì á bá a lọ. Mo fura pé ibẹ̀ ni àmì púpọ̀ lára pátákó ìlú wa ti sọnù, kì í ṣe torí àìmọ̀wé nìkan.

Abẹ 45 dígírì ni ti sítíkà lásán, 60 ni ti reflective (èyí tó ń dán bí iná bá tàn sí i) àti èyí tó nípọn. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń tẹ abẹ, gíráàmù 80 sí 120 tó fún sítíkà lásán. Kí abẹ gé sítíkà já, kó kàn fi ojú kan bébà ẹ̀yìn. Bí ó bá gé bébà náà, yóò ya mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn kan á máa fi agbára kún un nígbà tí abẹ bá ti kú. Abẹ ni kí wọ́n pààrọ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ títẹ̀ bá ti ń wọlé lójoojúmọ́ ni kí ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ bi wọ́n léèrè hẹ́ẹ̀dì tó wà lára rẹ̀. Epson i3200 wà lóríṣiríṣi: A1 fún yíǹkì olómi, E1 fún eco-solvent, U1 fún UV, ìyẹn yíǹkì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbẹ. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá da eco-solvent sí A1 ti ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́. XP600 dínwó, àmọ́ kì í yára, kì í sì í pẹ́. Ti púríńtà kékeré orí tábìlì tó ń lo yíǹkì dye, oòrùn yóò ṣá iṣẹ́ rẹ̀ kíákíá.

Iná ńkọ́? Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, hẹ́ẹ̀dì á dúró sí àárín ọ̀nà láìní ìdérí, yíǹkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ rọra tì í padà sídìí ìdérí rẹ̀. UPS gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ pọ̀, ṣùgbọ́n híítà tó ń gbẹ yíǹkì kì í ṣe ẹrù UPS kékeré. Ẹ ri wáyà earth mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, iná mànàmáná tó máa ń kóra jọ sára sítíkà lè mú kí yíǹkì fọ́n ká.

Sítíkà tí ẹ bá tẹ̀ ní eco-solvent, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó fi laminate, ìyẹn ọ̀rá ìbòrí, bò ó. Bí ẹ bá kánjú, kẹ́míkà tó ṣẹ́ kù nínú yíǹkì á mú kí gọ́ọ̀mù rọ̀, etí á sì ká sókè.

Plọ́tà tòkunbọ̀ kò burú. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ní kí wọ́n tẹ nozzle check, ìyẹn ìlà ìdánwò àwọn ihò hẹ́ẹ̀dì, lójú yín, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tún un tẹ̀. Bí ìlà tó pé nínú ti àkọ́kọ́ bá ti sọnù nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ lè máa wọlé níbi damper (àpò kékeré tí yíǹkì ń gbà dé hẹ́ẹ̀dì), tàbí kí ìdérí má pa ẹnu dé. Ẹ má sanwó títí wọ́n á fi pààrọ̀ wọn lójú yín.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn