Ta ló bọ́ àwọn tó yanṣẹ́ lódì ní 1945?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún Àyájọ́ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, inú mi sì dùn pé ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á tán, ọkùnrin nìkan ni mo bá níbẹ̀. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà níbẹ̀, Herbert Macaulay wà níbẹ̀, Azikiwe náà ò gbẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe tiwọn, ebi ni ì bá lé àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Ogun àgbáyé kejì ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó. Ní 1942, ìjọba amúnisìn fi àjẹmọ́nú kún owó òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní COLA, owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà ń gbówó lórí sí i, owó òṣìṣẹ́ ò kúrò lójú kan. Nígbà tó di 1945, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba fi ìdajì kún àjẹmọ́nú náà, kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù sì máa gba sílè méjì àti sísì lóòjọ́. Ìjọba kọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 da iṣẹ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ṣíwájú, tìlú-tìlú sì ni iṣẹ́ ìjọba dúró. Àwọn tó yanṣẹ́ lódì lé ní 30,000. Nínú oṣù Keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí wọ inú oṣù Kẹjọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀, ló wá sọ níkẹyìn pé ìdajì tí wọ́n ń béèrè yẹn tọ́ sí wọn.

Ó lé ní oṣù kan, Olóòtú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Lókò, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, wákàtí tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ láti 1931. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, kò lówó lónìí. Kí ni wọ́n wá ń jẹ fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn?

Ìyá ìyá mi ta gàrí ní Èbúté Mẹ́ta nígbà náà. Kò mọ̀wé, nítorí náà èédú ló fi ń kọ gbèsè sára ògiri ìta ilé. Ìlà kan dúró fún kóńgò kan, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tirẹ̀ lára ògiri náà. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, máa ń sọ fún wa pé nígbà ìyanṣẹ́lódì, ìlà náà kún ògiri kọjá ojú fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fara kan ibẹ̀. Ìyàwó àwọn ará Lókò ló ń ra àwìn. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ìyá àgbà yóò rẹ àkísà sínú omi, yóò sì nu ìlà kan kúrò. Ẹ ò ní rí ìwé ìṣirò yẹn ní ilé àkójọ ìwé kankan.

Kì í ṣe ìyá àgbà tèmi nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó dá owó sínú àpò tí wọ́n fi ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Alimotu Pelewura ni olórí wọn, ẹlẹ́ja ní ọjà Ereko, tí kò ka ìwé rárá. Ní 1936, ó kọ̀ kí wọ́n kó ọjà Ereko kúrò níbi tó wà. Ní oṣù Kejìlá 1940, nígbà tí ìjọba ní kí obìnrin tó ń pa ju £50 lọ́dún máa san owó orí, òun àti àwọn obìnrin ọjà fẹsẹ̀ rìn lọ bá ìjọba, àfi bí ìjọba ṣe gbé e dé £200. Obìnrin tó ṣe èyí kó tó kú ní 1951, ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ Imoudu.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àárín òṣìṣẹ́ àti obìnrin ọjà fìgbà gbogbo tòrò. Ẹni tó ń gba owó oṣù fẹ́ kí gàrí wọ́lẹ̀, ẹni tó ń tà á fẹ́ rí èrè. Nígbà ogun, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen, tí ìjọba fi ṣe alábòójútó oúnjẹ, fi iye kan lé orí gàrí pé òṣìṣẹ́ ni òun ń gbèjà. Àwọn obìnrin ní iye yẹn ò tó ohun tí àwọn fi rà á wá láti Ìjẹ̀bú, wọ́n sì bá a fà á. Inú ilé kan náà ni ìjà yìí wà, ọkọ ní Lókò, ìyàwó ní Ereko. Pé àwọn obìnrin wọ̀nyí tún ta àwìn fún òṣìṣẹ́ ní 1945 kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn ni wọ́n pinnu bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọkọ wọn ló pàṣẹ.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wálé Oyèmákindé, onímọ̀ ìtàn láti Ìbàdàn, ti kọ nípa ìyanṣẹ́lódì náà láti àwọn ọdún 1970. Cheryl Johnson tú àwọn ìwé Macaulay tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn wò, ó sì kọ ìtàn Pelewura. Lisa Lindsay wá láti Amẹ́ríkà, ó bá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè sọ̀rọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ohun tí ó kọ jáde ní 1999 ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí ń gba àjẹmọ́nú nítorí ìyàwó àti ọmọ. Àwọn olórí òṣìṣẹ́ wa ní kí wọ́n fún àwọn náà, pé ọrùn àwọn ni ìyàwó àti ọmọ wà. Ìjọba ní rárá, obìnrin yín ń tajà, ó ń rí owó tirẹ̀. Òótọ́ ni ìjọba sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ni wọ́n fi yan òṣìṣẹ́ jẹ. Kí owó wọn lè gòkè, àwọn olórí òṣìṣẹ́ ní láti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyàwó wọn ò ṣe nǹkan kan, lásìkò tó jẹ́ pé orí àtẹ ìyàwó yẹn ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ìjọba tí wọ́n ń bá jà ló gbé wọn síbẹ̀. Àmọ́ àwa tí à ń kọ ìtàn náà lónìí, kí ló dé tí a tún ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán. Ní 2024 tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ojoojúmọ́ ni ẹ ń gbé ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC bá ìjọba sọ. Ẹ lọ wo ilé ẹni tó ń gba owó yẹn. Ìyàwó ló ni fíríìsà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tàbí POS tó wà lábẹ́ agboòrùn níta, ibẹ̀ sì ni owó ilé ìwé ti ń jáde. Ẹni tó ń san owó oṣù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi owó obìnrin yẹn dí ohun tí òun ò san.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wá sí èdè Yorùbá, kí ẹ máa gbé e jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí òṣìṣẹ́ ò lè fi owó oṣù rẹ̀ rà. Kí ẹ sì rán akọ̀ròyìn sí Èbúté Mẹ́ta, sí Òṣogbo àti Ọ̀fà, níbi tí rélùwéè gbà kọjá, kí wọ́n lọ bá àwọn màmá tó jẹ́ ọmọ oníṣòwò ayé ọjọ́un sọ̀rọ̀. Àwọn tó lè rántí 1945 fúnra wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò mú akọ̀ròyìn yín wọ ilé wọn ní Èbúté Mẹ́ta, mo ṣe tán.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.