Ìpàdé Ìwé Kíkà: Akọni Eléré àti Ilẹ̀ Tó Bí I

Ẹ̀yin ará nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìpàdé wa bọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní yàrá tí a máa ń lò ní ilé ìkàwé. Ìwé ìtàn àròsọ méjì nípa eléré bésíbọ́ọ̀lù, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, la máa jíròrò lé lórí: The Natural tí Bernard Malamud kọ ní 1952, àti Shoeless Joe tí W. P. Kinsella kọ ní 1982. Ẹni tí àyè kò bá gbà láti ka méjèèjì, kó ka ti Kinsella nìkan.

Bí ẹ bá ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí ilẹ̀ àti igi. Nínú ti Kinsella, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà gbọ́ ohùn, ó bá ro lára oko àgbàdo rẹ̀ dànù, ó fi ṣe pápá ìṣeré. Orí pápá yẹn ni Joe Jackson, tí wọ́n lé kúrò nínú eré náà nítorí ọ̀ràn rìbá ọdún 1919, ti padà wá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ti Malamud ẹ̀wẹ̀, igi tí àrá sán là ni Roy Hobbs, akọni ìtàn náà, fi gbẹ́ ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló máa ka ibẹ̀ tí kò ní rántí Ṣàngó? Ibẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Kí kálukú mú ìtàn òkè, odò tàbí oko kan tó mọ̀ láti kékeré wá.

Ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, kí n lè mọ iye àga tí màá béèrè fún.

Akọ̀wé yín.