Ẹ jẹ́ kí á mọ irin tí ẹ ń fi sí wa lẹ́nu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún lẹ́tà yìí láyè, kí àwọn dókítà eléyín tó wà ní Òṣogbo àti àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn lè jọ kà á. Bí eyín bá jẹrà, dókítà á gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò, á sì dí ihò rẹ̀. Aláìsàn á sanwó, á dúpẹ́, á sì kọjá lọ sílé láì mọ ohun tí wọ́n fi dí i. Mo yẹ káàdì ìbátan mi kan wò: ọjọ́ tí wọ́n dí eyín náà àti iye tó san ló wà níbẹ̀, orúkọ irin kankan kò sí i.

Èyí tó máa ń dán bí fàdákà nígbà tó bá wà ní tuntun, tó sì ń dúdú bó bá pẹ́, amalgam ni, ìyẹn àdàlù oríṣiríṣi irin. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́kúrì, irin olómi tó lè ṣe ara ní jàǹbá. Bó tilẹ̀ gan tán, èéfín mẹ́kúrì tí a kò lè fojú rí ṣì ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí ènìyàn bá ń jẹun, tàbí tó bá máa ń payín keke lójú oorun. A ó fà á símú, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé kídìnrín àti ọpọlọ. Iye rẹ̀ kéré lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sáré lọ yọ èyí tí kò bàjẹ́, torí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde gan-an ni èéfín náà máa ń pọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n má ṣe fi amalgam tuntun sí ẹnu aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 àti ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu.

Kì í ṣe mẹ́kúrì nìkan. Irin mìíràn tó ń jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ọ̀pọ̀ àdàlù irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń bo eyín. Àwọn obìnrin kan wà láàárín wa tí wọn kò lè lo yẹtí ọjà: kó tó di ìrọ̀lẹ́, etí á ti máa yún wọn, ihò rẹ̀ á sì máa ṣomi. Níkẹ́ẹ̀lì ni ara irú wọn sábà máa ń kọ̀. Bí irin tó ní in bá wọ ẹnu wọn, èrìgì wọn lè pupa kó sì wú, kí wọ́n máa ra oògùn kiri láì mọ ibi tí wàhálà ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan péré nípa yẹtí ì bá ti ta dókítà lólobó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó: kí dókítà béèrè nípa oyún, kídìnrín àti yẹtí, kó dárúkọ irin tó fẹ́ lò àti ohun funfun tó lè rọ́pò rẹ̀, kó sì kọ èyí tó lò sí káàdì. Kí wọ́n má sì da èérún amalgam sínú gọ́tà. Odò Ọ̀ṣun tí à ń ké lé àwọn awakùsà wúrà lórí nítorí rẹ̀ ni omi gọ́tà wa ń lọ. Mo rọ Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kí àwọn olùbẹ̀wò wọn máa ṣí káàdì aláìsàn wò bí wọ́n bá dé ilé ìtọ́jú eyín, kí wọ́n sì béèrè ibi tí èérún náà ń gbà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.